Ọjọ́ Tí A Kì í Béèrè: Akshaya Tritiya àti Ètò Ìnáwó Ẹbí

Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá ń gbé láàárín àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ìbáà ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Toronto, yóò ti ṣàkíyèsí pé bí oṣù kẹrin bá ń parí lọ tàbí tí oṣù karùn-ún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kan a máa wà tí ilé àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà a kún fọ́fọ́. Akshaya Tritiya ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà. Àwọn ará Rajasthan ní Íńdíà ń pè é ní Akha Teej. Ìtumọ̀ akshaya ni ohun tí kì í tán. Ọjọ́ kẹta òṣùpá tuntun ni, nínú oṣù wọn tí a ń pè ní Vaishakha, ìgbàgbọ́ wọn sì ni pé ohunkóhun tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà yóò máa pọ̀ sí i ni. Ní ìlú Puri, ọjọ́ yìí ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí àwọn kẹ̀kẹ́ ńlá tí wọn yóò fi gbé òrìṣà Jagannath jáde. Àwọn ẹlẹ́sìn Jain náà ń bọ̀wọ̀ fún un.

Ní ọjọ́ mìíràn, ẹbí Híńdù kì í ṣàdédé dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Wọn a lọ bá pandit, ìyẹn àlùfáà wọn. Òun a ṣí panchang, ìwé ìṣirò ọjọ́ tí ó ń wo nǹkan márùn-ún pọ̀: tithi tí í ṣe ọjọ́ òṣùpá, ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, ìràwọ̀ tí òṣùpá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àti ìṣirò méjì mìíràn, yoga àti karana. A ó wo èyí mọ́ ìbí ọkọ àti ìbí ìyàwó. A ó wá yọ àwọn wákàtí tí kò dára kúrò, bíi Rahu Kalam tí ó ń gba ìdá kan nínú mẹ́jọ ojúmọmọ lójoojúmọ́. Ibi tí ó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń pè ní muhurta, àkókò rere. Nígbà mìíràn a lè bọ́ sí òru ọ̀gànjọ́, kí àwọn àlejò máa tòògbé lórí àga. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ìgbéyàwó rárá fún oṣù mẹ́rin lọ́dún, nítorí pé Vishnu ń sùn.

Akshaya Tritiya gba gbogbo làálàá yìí kúrò. Wọ́n ní oòrùn àti òṣùpá wà ní ipò agbára wọn pọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí náà àkókò rere ni látòórọ̀ dalẹ́. Abujh muhurat ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni àkókò tí a kì í béèrè. Ìgbéyàwó ni o, fífá irun orí ọmọ ni o, ìṣílé ni o, ìṣọ̀wò tuntun ni o, ẹ ṣe é lọ.

Lójú tèmi, àṣà yìí ní àánú nínú. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́, tí kò mọ wákàtí tí wọ́n bí òun pàápàá, ní ọjọ́ kan tí òun àti olówó jọ dọ́gba. Àwa náà mọ irú rẹ̀. Kò sí ẹni tí í wá ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kiri láàárín wa. Láyé àtijọ́ ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì, lónìí ọjọ́ kẹjọ ti di ti gbogbo ọmọ. Bí a bá ti bímọ, ọjọ́ ti dá ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé àríyànjiyàn kò sí. Ní ọdún 2024, Akshaya Tritiya bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún, nígbà tí Àgùàlà àti Júpítà ti wọ inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn lọ tí ojú kò rí wọn mọ́. Òfin wọn sì ni pé a kì í gbéyàwó nígbà tí Àgùàlà bá wọ̀. Àwọn pandit kan ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ìgbéyàwó. Àwọn mìíràn ní ọjọ́ tí a kì í béèrè ti kọjá òfin náà. Ìwé kan náà ni wọ́n jọ ń kà o.

Ti àwọn tó wà lẹ́yìn odi tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú kan náà ni tithi ń bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ayé, ṣùgbọ́n oòrùn kì í là ní àkókò kan náà. Ní ọdún 2025, ọjọ́ kẹta òṣùpá yìí bẹ̀rẹ̀ ní Íńdíà ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 29 oṣù kẹrin, ó sì parí ní kété lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán ọjọ́ 30. Ọjọ́ 30 ni Íńdíà ṣe é. Ẹ gbé e wá sí Lọ́ńdọ̀nù: ó ti parí kí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ 30 tó lù. Ní Niu Yọ́ọ̀kì, ó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ 29, ó sì ti tán kí ilẹ̀ ọjọ́ 30 tó mọ́. Ẹbí tí ó bá tẹ̀lé fóònù bàbá àgbà láti Jaipur, tí ó sì gba gbọ̀ngàn fún ọ̀sán ọjọ́ 30 ní Niu Yọ́ọ̀kì, ti náwó sórí ọjọ́ kẹrin òṣùpá. Panchang ìlú tí ènìyàn ń gbé ni kí ó lò. Bí àgbà ilé bá sì kọ̀ jálẹ̀, ẹ fi àdúrà sí wákàtí tí ó bọ́ sí, kí ẹ fi àsè sí ọjọ́ ìsinmi tí àlejò lè wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ká mi lára jù lọ ni Rajasthan. Ọjọ́ tí a kì í béèrè yìí ni wọ́n ti lò láti ìgbà pípẹ́ láti fi gbé àwọn ọmọdé níyàwó. Òtòṣì tí ó ní ọmọbìnrin mẹ́ta a so ìgbéyàwó àgbà pọ̀ mọ́ ti àwọn àbúrò, kí àgọ́ kan, ọbẹ̀ kan, pandit kan lè tó gbogbo wọn. Mo mọ̀ pé owó ni ó ń lé wọn bẹ́ẹ̀. Òfin kò sọ pé kí ó rí bẹ́ẹ̀ o: láti ọdún 1929 ni òfin Sarda ti wà lòdì sí i, ní 1978 wọ́n gbé ọjọ́ orí sí ọdún 18 fún obìnrin àti 21 fún ọkùnrin, òfin ti ọdún 2006 sì sọ pé ẹni tí ó bá darí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì.

Ní ọdún 1992, Bhanwari Devi, òṣìṣẹ́ ìdàgbàsókè ní abúlé Bhateri, gbìyànjú láti dá ìgbéyàwó ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan dúró nígbà Akha Teej. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àwọn ọkùnrin kan fipá bá a lò. Ilé ẹjọ́ dá àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sílẹ̀ ní 1995 lórí ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ náà. Láti inú ìjà tí àwọn obìnrin gbé dìde nítorí rẹ̀ ni ìdájọ́ Vishaka ti ọdún 1997 ti jáde, èyí tí ó dáàbò bo obìnrin lẹ́nu iṣẹ́ káàkiri Íńdíà.

Nǹkan ti ń yí padà. Ìwádìí ìjọba Íńdíà ti 2005 sí 2006 fi hàn pé nínú 100 obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 20 sí 24, iye tí ó lé ní 47 ni wọ́n ti gbé níyàwó kí wọ́n tó pé ọdún 18. Nínú ti 2019 sí 2021, ó ti wálẹ̀ sí 23. Ní Rajasthan ó ṣì lé ní 25. Kí Akshaya Tritiya ọdún 2024 tó dé, ilé ẹjọ́ gíga Rajasthan pàṣẹ pé olórí abúlé ni yóò dáhùn bí ìgbéyàwó ọmọdé bá wáyé ní àdúgbò rẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé kí a fi àṣà oníṣẹ̀ṣe sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ̀ṣe. N kò gbà. Àwa tí a máa ń bínú nígbà tí wọ́n bá fi ìwà burúkú ẹnìkan ba orúkọ ẹ̀sìn wa jẹ́, a mọ̀ pé ẹni tí ó fẹ́ràn ẹ̀sìn ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Panchang ń sọ ìgbà tí a ó ṣe nǹkan. Kò sọ ẹni tí a ó ṣe é fún. Nígbà tí wọ́n ní a kì í béèrè lọ́jọ́ yìí, ìràwọ̀ ni wọ́n ní kí a má béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò ní kí a má béèrè lọ́wọ́ ọmọ. Pandit tí ó lè ṣírò tithi dé ìṣẹ́jú kò lè sọ pé òun kò mọ ọdún tí ìyàwó tí ó jókòó síwájú òun jẹ́.

Kí wọ́n béèrè ìwé ìbí ṣáájú kí wọ́n tó gba owó àgọ́. Kí olówó tí ó ń ṣe ìgbéyàwó ọ̀pọ̀ tọkọtaya pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà, irú èyí tí ó ń tu òtòṣì lára gan-an, máa kọ ọjọ́ orí gbogbo wọn sára pátákó. Kí wọ́n sì sọ fún àwọn tí wọ́n ti gbé níyàwó ní kékeré pé òfin 2006 fún wọn láyè láti lọ tú u ká nílé ẹjọ́, títí di ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá dàgbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ ọ rí.