Wọ́n gbà á lẹ́nu ìwé, wọ́n ní kó lọ ṣe wolé-wolé adìyẹ

Àwọn kan máa ń sọ pé iṣẹ́ ọ̀lẹ niṣẹ́ láíbìrì. Wọ́n ní kí ni ẹni tó jókòó ti ìwé látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ń ṣe ju kó máa gbọn eruku, kó sì máa sọ fáwọn ọmọléèwé pé kí wọ́n má pariwo? Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó wá gbọ́ ìtàn ọkùnrin ará Ajẹntínà kan tó ń jẹ́ Jorge Luis Borges. Òǹkọ̀wé tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé ni, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ láíbìrì kékeré ni nígbà kan rí.

Ìlú Buenos Aires ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1899. Bàbá rẹ̀ ní ìwé nílé bí ilẹ̀ bí ẹní, pàápàá ìwé Gẹ̀ẹ́sì, àárín ìwé yìí sì lọmọ náà dàgbà sí. Ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún kó tó rí iṣẹ́ olóṣù gidi àkọ́kọ́, ní láíbìrì àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Miguel Cané.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọṣẹ́, wọ́n ní kó máa kọ orúkọ àwọn ìwé sílẹ̀, kó máa pín wọn sí ìsọ̀rí. Ó bọ́ sí i, ó ṣe 400 kalẹ̀. Áà! Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní ṣé ó fẹ́ kóbá àwọn ni, pé 100 làwọn ń ṣe, pé bó bá ń ṣe báyìí, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ gbogbo àwọn. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé àwọn bí 50 ló ń ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí èèyàn 15 ṣe. Igi tó bá tọ́ kì í pẹ́ nígbó, abẹ́ wa sì kọ́ ni irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ló wá ṣe? Ó gbà fún wọn. Láàárín wákàtí kan péré, ó ti parí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Àwọn yòókù á máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, eré ẹṣin àti ọ̀rọ̀ rírùn. Òun ní tiẹ̀, á yọ́ lọ sí yàrá abẹ́ ilé, á máa kàwé, á máa kọ̀wé. Bí ooru bá mú, á gun orí òrùlé lọ. Nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe é.

Irú ìwé wo ló ń kà? Kò sí èyí tí kì í kà. Nínú tíráàmù tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ ló ti ka ìwé Dante, ará Ítálì tó kọ bí èèyàn ṣe rìnrìn àjò wọ ọ̀run àpáàdì lọ títí tó fi jáde sí ọ̀run rere. Ẹni tó bá ti ka Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ti Fágúnwà á mọ bí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ṣe ń dùn. Ìwé apanilẹ́rìn-ín ńkọ́? Ó fẹ́ràn Don Quixote dọ́ba, ìtàn ọkùnrin ará Sípéènì tó ka ìwé akọni títí tí orí rẹ̀ fi dàrú, tó gun ẹṣin jáde lọ bá ẹ̀rọ alátẹ́gùn jà, tó ní òmìrán ni wọ́n. Lọ́dún 1939, Borges fi ìwé náà dá àrà: ó kọ ìtàn ọkùnrin kan tó fẹ́ tún Don Quixote kọ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀!

Ẹ wá wo ẹ̀rín mìíràn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ìwé atúmọ̀ ńlá kan, ó rí orúkọ Jorge Luis Borges níbẹ̀. Ẹnu yà á pé orúkọ àti ọjọ́ ìbí òǹkọ̀wé yẹn bá ti ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mu. Kò wá sí i lọ́kàn rárá pé èèyàn kan náà ni.

Ọdún 1946 ni ọ̀ràn dé. Perón gorí àlééfà, Borges ò sì sí lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kàn sọ fún un pé wọ́n ti gbé e ga, pé ó ti di wolé-wolé adìyẹ àti ehoro láwọn ọjà ìlú. Ó béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ òun. Akọ̀wé tó bá níbẹ̀ ní nígbà ogun, ṣebí ẹ̀yìn àwọn tó ń bá Hitler jà ló wà, kí ló tún ń retí? Ọjọ́ kejì ló kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ lọ, owó oṣù lọ. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọkùnrin tójú máa ń tì láti sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn yìí bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ìlú dé ìlú ní Ajẹntínà àti Urugúáì, ó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìwé tó ti kà. Owó tó ń rí níbẹ̀ ju ti láíbìrì lọ fíìfíì. Ohun tó kà lábẹ́ ilé ló di oúnjẹ lórí tábìlì.

Wọ́n lé Perón lọ lọ́dún 1955, wọ́n sì fi Borges ṣe olórí láíbìrì ìjọba àpapọ̀ ní Buenos Aires. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ojú rẹ̀ ti lọ. Àìsàn ojú tó mú bàbá rẹ̀ ló mú òun náà. Ìwé tó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá yí i ká, kò sì lè ka ẹyọ kan. Òun nìkan kọ́ nìyẹn ṣe o, nítorí méjì nínú àwọn tó ti ṣe olórí níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, José Mármol àti Paul Groussac, afọ́jú làwọn náà.

Ṣé ó wá jókòó kó máa sunkún? Rárá. Ìyá rẹ̀ ń kàwé sí i létí. Òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, ó bá ọmọdékùnrin kan tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ìwé sọ̀rọ̀ pé kó máa wá kàwé fóun nírọ̀lẹ́. Alberto Manguel lọmọ náà, lọ́dún 2016 lòun náà sì di olórí láíbìrì kan náà. Ọdún 18 ni Borges lò nípò náà. Lọ́dún 1984, ọdún méjì kó tó kú, òun àti María Kodama gbé ìwé ìrìn àjò jáde, Atlas lorúkọ rẹ̀. Afọ́jú ló kọ ìwé ìrìn àjò! Ó sọ bí òun ṣe wọ bàlúùnù fò lókè ní Amẹ́ríkà, àti bí òun ṣe fọwọ́ kan ẹkùn láàyè.

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àìsàn gba ojú rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gba ohun tó ti kà. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrì, ẹ má kàn máa ṣọ́ ìwé bí ẹni ń ṣọ́ ẹrù olówó. Ẹ ṣí i kà, ì báà ṣe èyí tó ń pani lẹ́rìn-ín tàbí èyí tó ń múni rìnrìn àjò, kẹ́ ẹ lè mọ èyí tẹ́ ẹ máa fi lé ọmọ aládùúgbò lọ́wọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé ńkọ́, ìwé wo lẹ kà gbẹ̀yìn? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sójú ewé lẹ́tà, ẹ má sì gbàgbé láti sọ ohun tó pa yín lẹ́rìn-ín níbẹ̀.