Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà?

Ọ̀pọ̀ kúlóòsì ní Festac Town ni àwọn ará ibẹ̀ fi géètì sí, tí wọ́n sì gba ọdẹ tí ń ṣọ́ ọ. Bí ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ bá kó lọ láì dá a padà, kíá ni àwọn àgbà kúlóòsì a pààrọ̀ àgádágodo. Ó yà wá lẹ́nu pé àwọn ọlọgbọ́n ènìyàn kan náà, bí wọ́n bá dé ilé ẹ̀kọ́ tàbí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wọn ní Amuwo-Odofin, kì í bèèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àkọsílẹ̀ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àkọsílẹ̀ kò sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù mọ́. Orúkọ àwọn ọmọ lè wà lọ́dọ̀ Google, èsì ìdánwò lọ́dọ̀ Microsoft, owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kẹta. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cloud nìyí. Kì í ṣe ojú ọ̀run rárá. Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni, tí a háyà, tí a sì ń lò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

A kò sọ pé kí a kó gbogbo ẹrù wa sí ilé kan ṣoṣo. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Google ṣèèṣì pa àkáǹtì UniSuper rẹ́, ilé iṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì ní Australia tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ju 600,000 lọ. Ẹ̀dà tí wọ́n fi pamọ́ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn wà lára ohun tí ó yọ wọ́n. Ṣùgbọ́n ilé mẹ́ta, ìlẹ̀kùn mẹ́ta ni. Ní ọdún kan náà ni olè wọ ibi tí àwọn oníbàárà Snowflake ní Amẹ́ríkà kó ẹrù wọn sí. Wọn kò fọ́ ògiri kankan: pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n jí láti inú kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà ni wọ́n fi ṣílẹ̀kùn, nítorí pé kò sí kọ́kọ́rọ́ kejì níbẹ̀. Báyìí ni àkọsílẹ̀ ìpè tẹlifóònù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gbogbo oníbàárà alágbèéká AT&T ṣe bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Kọ́kọ́rọ́ kejì ni nọ́ńbà tí tẹlifóònù ẹni ń mú jáde lẹ́yìn pásíwọ́ọ̀dù. Google àti Microsoft kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé kò sí owó. Ẹ̀yin olùkọ́, pásíwọ́ọ̀dù kan tí gbogbo ọ́fíìsì jọ ń lò kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé kan: ilé wo ni a ń lò, kí ni ó wà níbẹ̀, ta ni ó lè wọlé. Ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí a yọ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ní gbogbo ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀yin olólùfẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú ńkọ́? Ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù, pẹ̀lú nọ́ńbà tẹlifóònù wọn, kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọkùnrin tí ó bá wa ṣe kọ̀ǹpútà ní ìdìbò tí ó kọjá, tí a kò mọ ibi tí ó wà lónìí.

Òfin ààbò àkọsílẹ̀ ọdún 2023 ti ilẹ̀ wa fún wa ní wákàtí 72 péré láti fi ọ̀ràn tó ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó o létí, bí olè bá kó àkọsílẹ̀ tí ó lè pa àwọn ènìyàn lára. Ẹni tí kò mọ iye ilẹ̀kùn tí ó ní, báwo ni yóò ṣe mọ èyí tí olè gbà wọlé láàrin ọjọ́ mẹ́ta?

A ké sí ìjọba ìbílẹ̀ Amuwo-Odofin pé kí ó ṣíwájú. Kí ó sọ fún àwọn káńsílọ̀ ní ìpàdé wọn ilé iṣẹ́ tí àkọsílẹ̀ àwọn tí ń sanwó fún un wà, iye ènìyàn tí ó ní kọ́kọ́rọ́, àti ọjọ́ tí ó dán ẹ̀dà rẹ̀ wò kẹ́yìn.