Àṣàrò Kì í Ṣe Àjèjì Sí Wa
Ní ọdún 2024, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá sọ́tọ̀ fún àṣàrò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní àṣà àjèjì. Láyé àwọn baba wa, ọ̀pọ̀ àgbà a máa bá orí wọn sọ̀rọ̀ ní kùtùkùtù. Wọ́n mọ̀ pé ìbínú kò da nǹkan. Sùúrù ni baba ìwà. Ọ̀rọ̀ gbígbóná òwúrọ̀ ni í di ìjà lọ́jà. Ìbínú aláṣẹ tí kò fara balẹ̀ ronú ni í di ogun. Ẹ̀yin òbí, kí a tó gbé fóònù lóròòwúrọ̀, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ dákẹ́ jẹ́ẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ wa. Ilé tí ó tòrò ni í mú ìlú tòrò.