Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Yọ Thermostat Mọ́tò Yín Dànù

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kan àpò gbogbo wa, àtẹni tó ní mọ́tò àtẹni tí kò ní.

Nínú àwọn tó ń fi Peugeot 504 àtijọ́ kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Emure àti Ise wá sí Ikere, ohun tí wọ́n sábà máa ń torí ẹ̀ wá yáwó ni pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, wọ́n fẹ́ ra òmíràn. Bí a bá wá fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò dáadáa, ọ̀rọ̀ kan náà là ń gbọ́. Ọkọ̀ ń gbóná, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó yọ thermostat, ó jù ú sígbó, ó ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ti parí." Kò tíì parí o. Owó ẹgbẹ́ ló máa parí ẹ̀.

Kí ni thermostat ọ̀hún ń ṣe gan-an? Oníbodè ni. Ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà láti inú ẹ́ńjìnnì lọ sí rédíétọ̀ ló jókòó sí, ìda sì wà nínú ẹ̀. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì mọ́tò láàárọ̀, ìda yẹn ṣì le, ilẹ̀kùn wà ní títì, omi á máa yí po nínú ẹ́ńjìnnì nìkan kí ara ẹ̀ lè tètè yá. Bí omi bá gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 82, ìda á yọ́, á wú, á taari ilẹ̀kùn ṣí. Ìgbà yẹn ni omi gbígbóná á tó lọ gba atẹ́gùn ní rédíétọ̀.

Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lé oníbodè ẹ̀ lọ kì í tètè gbóná bó ṣe yẹ. Á máa mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdọ̀tí á máa kó sínú ọ́ìlì, irin á sì máa jẹ irin. Èyí tó tún burú jù ni pé nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, thermostat náà ló ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi lè gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ kó ẹrù, ẹ gun òkè: mọ́tò á tún wá gbóná ju ti àná lọ.

Àwọn mẹkáníìkì wa máa ń sọ pé nítorí òtútù ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ṣe fi í sí i. A ò gbà. Oòrùn Ikere, bó ti wù kó mú tó nínú oṣù Kẹta, kì í sábàá kọjá ìwọ̀n 36. Kí ni 36 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 82? Síbẹ̀, a ò bú wọn. Thermostat tó bá ti kú tó sì há ní títì lè se ẹ́ńjìnnì bí ẹni se ẹyin, ayédèrú sì pọ̀ lọ́jà. Ẹni tó wà lójú ọ̀nà tí kò rí òmíràn rà lè yọ ọ́ kó fi délé. Àmọ́ bó bá délé, kó ra òmíràn o!

Kí wọ́n wá ohun tó ń mú ọkọ̀ gbóná gan-an. Ìdérí rédíétọ̀ ńkọ́? Òun ló ń ki omi mọ́lẹ̀ tí omi kì í fi í hó ní 100, àwọn kan a sì fi àkísà dí ibẹ̀! Omi kànga lásán tí à ń rọ sí i lójoojúmọ́ dípò coolant ń mú irin dípẹtà, ìpẹtà yẹn ló ń dí rédíétọ̀. Fáànù 504 sì ní mágínẹ́ẹ̀tì tó ń gbá a mú nígbà tí rédíétọ̀ bá gbóná. Bí wáyà ẹ̀ bá já, fáànù ò ní ṣiṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ rewáyà nìyẹn. Ẹ rántí pé alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì 504 oníbẹntiróòlù, irin ni ara ẹ̀. Bó bá gbóná kọjá àyè, orí yẹn á wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì á jóná. (Ẹni tó ní Ìjàpá kò ní rédíétọ̀ láti tọ́jú, atẹ́gùn ló ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì tiẹ̀.)

Ẹ sì lè dán thermostat wò nílé ìdáná. Ẹ fi okùn so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná, kó má kan ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bí omi bá ń súnmọ́ híhó, ó gbọ́dọ̀ ṣí. Bó bá tutù, kó padé. Èyí tí kò bá ṣí, ẹ má rà á.

Ohun tí àwa ń fẹ́ ni pé kí ẹgbẹ́ má fọwọ́ sí ẹ̀yáwó ẹ́ńjìnnì mọ́ láìbéèrè thermostat àti ìdérí rédíétọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń yáwó. Ẹni tí kò bá ní, ká kọ́kọ́ yá a ní owó kékeré tó máa fi rà wọ́n. Bí ẹ́ńjìnnì kejì bá tún jóná, àwọn oníduró méjèèjì ni gbèsè máa já lé lórí, wọn ò sì gun mọ́tò ọ̀hún rí. Ẹni tí kò bá gba tiwa, kó wá sọ tiẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀.