Ẹni Bá Dákẹ́, Tara Ẹ̀ Á Bá A Dákẹ́: Ìtàn Ràṣídì Yẹkínì

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ṣé ẹ rántí òru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà ọdún 1994? Òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́jú Ọjọ́rú ni. Aago méjìlá òru ti lù kọjá, síbẹ̀ oorun ò kun ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò ní tẹlifíṣọ̀n lọ dúró lójú fèrèsé ẹni tó ní. Ní ìlú Dallas lọ́hùn-ún l'Amẹ́ríkà, níbi tí oòrùn ò tíì wọ̀, Nàìjíríà ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ẹ̀ nínú ìdíje Ife Àgbáyé, Bulgaria ni wọ́n sì jọ ń fà á.

Nígbà tó di ìṣẹ́jú kọkànlélógún, Finidi George gbá bọ́ọ̀lù láti apá ọ̀tún gba iwájú ilé kọjá. Ọkùnrin gíga kan tó wọ nọ́ńbà 9 sáré pàdé ẹ̀, ó sì tì í wọlé. Góòlù! Góòlù àkọ́kọ́ tí ọmọ Nàìjíríà gbá wọlé nínú Ife Àgbáyé nìyẹn láti ìgbà tí aláyé ti dáyé.

Ọkùnrin náà ò jó, kò sì sáré lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Inú ilé ló tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù wọ̀. Ó ki ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì bọ inú ihò àwọ̀n, ó dì í mú, ó ń gbọ̀n ọ́n, ó ń ké bí ẹni tó ń gbàdúrà. Àwọ̀n ni wọ́n fi ń mú ẹja. Lọ́jọ́ náà, èèyàn ló mú àwọ̀n. Kò sí ibi tí àwòrán náà ò dé láyé.

Ràṣídì Yẹkínì lorúkọ ẹ̀. Kàdúná ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1963, ṣùgbọ́n ọmọ Ìrá ní ìpínlẹ̀ Kwara ni, Ìrá tí wọ́n ní Ọya ti wọlẹ̀ náà. Ẹgbẹ́ UNTL ní Kàdúná ló ti kọ́kọ́ fara hàn. Ẹ̀yin ìyá aláṣọ ò ní í bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó ń jẹ́ UNTL: ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ańkárá tí ẹ tà, tí ẹ sì ró ni.

Lọ́dún 1982, Shooting Stars mú un wá sí Ìbàdàn. Ọdún 1984 ni ẹgbẹ́ náà bá wọn dé àṣekágbá Ife Áfíríkà. Zamalek ti Íjíbítì ló gbẹ̀yẹ lọ́wọ́ wọn, 2-0 ní Káírò, 1-0 l'Ékòó. Ẹkún tí wọ́n sun n'Íbàdàn lọ́jọ́ náà kì í ṣe kékeré. Láti ibẹ̀, Ràṣídì bọ́ sí Abẹ́òkúta, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Abiola Babes, ẹgbẹ́ tí olóògbé M.K.O. Abíọ́lá dá sílẹ̀, tí wọ́n sì gba Challenge Cup lọ́dún 1985.

Iṣẹ́ tó bá dára kì í gbé ibi kan. Ọdún 1987 ló lọ sí ẹgbẹ́ Africa Sports ní Abidjan. Ọdún 1990 ló sọdá sí Portugal, ní ìlú apẹja kan tó ń jẹ́ Setúbal. Kò tíì pẹ́ tó débẹ̀ tí ẹgbẹ́ náà fi já wálẹ̀ sí ìpele kejì. Ẹlòmíì ì bá ti kó ẹrù ẹ̀. Ràṣídì dúró, ó bá wọn ṣe é títí wọ́n fi padà sókè lọ́dún 1993. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, góòlù 21 ló gbá wọlé, kò sì sí ẹni tó tó o ní gbogbo Portugal. Ọdún 1993 yẹn náà ni wọ́n fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó mókè jù ní Áfíríkà, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó máa gba oyè náà. Nígbà tí Nàìjíríà gba Ife Áfíríkà ní Tùnísíà lọ́dún 1994, góòlù márùn-ún ló ju sáwọ̀n. Ní àpapọ̀, 37 ló gbá wọlé fún ìlú ẹ̀. Ṣáájú ẹ̀, kò sí ọmọ Nàìjíríà tó gbá tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ò rí i pé igbe tó ké nínú àwọ̀n l'Amẹ́ríkà ní ìdí. Lọ́dún 1977, ọmọ Nàìjíríà kan ló ṣèèṣì fi orí kan bọ́ọ̀lù sílé ara wọn l'Ékòó, bí ọ̀nà Ife Àgbáyé ṣe dí nìyẹn. Lọ́dún 1989, níbi tí wọ́n ti ń bá Àǹgólà fà á l'Ékòó, Samuel Okwaraji ṣubú lórí pápá, ó sì kú. Wọn ò sì rí Ife Àgbáyé náà lọ. Gbogbo ìyẹn ló wà nínú igbe ọkùnrin yẹn.

Góòlù mẹ́ta sí òdo ni wọ́n fi na Bulgaria, Bulgaria tó padà ṣe ipò kẹrin láyé lọ́dún náà. Ilẹ̀ mọ́, ọjà ń hó, gbogbo ẹnu ń pe Yẹkínì. Ṣùgbọ́n ìlú ò rójú. Lọ́jọ́ 23 oṣù kẹfà, ọjọ́ kejì sí góòlù náà, ìjọba ológun gbé Abíọ́lá, ọ̀gá ẹ̀ àtijọ́ l'Ábẹ́òkúta, nítorí ìbò June 12. Abíọ́lá ò sì jáde mọ́ títí tó fi kú sí àtìmọ́lé lọ́dún 1998.

Ràṣídì náà ò tún gbádùn bíi ti Setúbal mọ́. Ó dé Gíríìsì, ó dé Spain, ó dé Switzerland, ó dé Tùnísíà àti Saudi Arabia. Ọdún 2005, nígbà tó ti pé ọmọ ọdún 41, ó tún padà wá gbá bọ́ọ̀lù l'Ábẹ́òkúta fún ẹgbẹ́ Gateway. Lẹ́yìn náà, ó jókòó sí Ìbàdàn.

Ràṣídì kì í ṣe ẹlẹ́nu púpọ̀ látilẹ̀wá. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ sinmi, ọ̀rọ̀ tán. Ó ń dá gbé, kì í gba oníwèé ìròyìn láàyè. Nígbà tó yá, ìròyìn jáde pé ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀, pé ara ẹ̀ ò yá. Lọ́jọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 2012, ó kú, ọmọ ọdún 48 péré. Ìrá ni wọ́n sin ín sí. Onírúurú ọ̀rọ̀ ló sì tẹ̀ lé ikú náà, kálukú ń nàka sí ẹnì kejì ẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ tí wọn ò ti béèrè ẹ̀ ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tó ń sunkún.

Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó wà nítòsí náà. Ìyá tó máa ń pariwo ọjà tẹ́lẹ̀, tó wá ń jókòó láìfọhùn. Ọ̀gá mẹkáníìkì tó kọ́ ọmọṣẹ́ ogún, tí ọwọ́ ẹ̀ wá rọ, tí kì í jáde mọ́: ẹ má ṣe sọ pé ìgbéraga ni, ẹ má sì kánjú sọ pé ayé ló ń ṣe é. Ẹ kan ilẹ̀kùn ẹ̀. Ẹ jókòó tì í, kódà bí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Àìsàn ọkàn wà bí ibà ṣe wà, dókítà rẹ̀ sì wà ní ọsibítù. Ẹ tètè mú un lọ.

Gbogbo ìlú ló mọ orúkọ Ràṣídì Yẹkínì. Ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló mọ bó ṣe jí láàárọ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì í, kó sì tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.