Òkúta Ni Tàbí Ojú Ọjọ́? Ọ̀rọ̀ Lórí Ikú Àwọn Dáínósọ̀

Ọ̀rọ̀ tòní lè dà bí ẹni pé ó jìnnà sí èdè, ṣùgbọ́n èdè gan-an ló gbé mi débẹ̀. A ń túmọ̀ ìròyìn kan lórí ìyípadà ojú ọjọ́ ní kíláàsì, mo sì fẹnu bà á pé irú rẹ̀ ló pa àwọn dáínósọ̀, àwọn ẹran abàmì ayé ìjímìjí, run. Akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé òkúta kọ́ ló pa wọ́n ni? Ojú ọjọ́ kì í kúkú dúró lójú kan."

Òkúta náà wá lóòótọ́. Ní ọdún 1980, Luis Alvarez àti ọmọ rẹ̀ Walter, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn méjì, kéde pé àwọn rí iridium, irin tó ṣọ̀wọ́n lórí ilẹ̀ ayé ṣùgbọ́n tó pọ̀ nínú àwọn òkúta òfurufú, nínú ìpele amọ̀ tínrín kan ní Gubbio, ní ilẹ̀ Ítálì. Nígbà tó yá, a mọ ibi tí òkúta náà balẹ̀ sí: kòtò Chicxulub, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 180, lábẹ́ ilẹ̀ Yucatán ní Mẹ́síkò. Ó ti tó ọdún mílíọ̀nù 66 sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n òkúta tó balẹ̀ sí Mẹ́síkò kò lè fi ara rẹ̀ lu ẹran tó ń jẹ̀ ní òdìkejì ayé pa. Ojú ọjọ́ ló bá a ṣe iṣẹ́ náà. Imí ọjọ́ pọ̀ nínú àpáta tí ó fọ́. Èyí di gáàsì, ó gòkè pẹ̀lú eruku àti èéfín iná, ó sì bo oòrùn. Ẹni tó bá ti rí ọyẹ́ tó mú gan-an, tí eruku aṣálẹ̀ sọ oòrùn di funfun bí òṣùpá, ti rí díẹ̀ níbẹ̀. Kí ó wá fojú inú wo èyí tó ṣókùnkùn ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, tó kárí ayé, tó sì fa òtútù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ewéko kò rí oòrùn. Ajewéko kò rí ewé. Ajẹran kò rí ajewéko. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo ẹ̀yà ohun abẹ̀mí ló parun. Òkúta ló dá ọ̀ràn sílẹ̀, òtútù àti ebi ló pani.

Àwọn kan ń di ẹ̀bi náà ru àwọn òkè oníná Deccan ní ilẹ̀ Íńdíà. N kò kó èrò wọn dànù, nítorí òkè wọ̀nyí ti ń tu iná kí òkúta tó dé, wọn kò sì dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ àwọn dáínósọ̀ ti lo ohun tó ju ọdún mílíọ̀nù 160 lọ láyé, ooru àti òtútù sì bá wọn níbẹ̀. Lójú tèmi, ìyípadà kọ́ ló borí wọn bí kò ṣe ìyára rẹ̀.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan èdè. "Ìyípadà ojú ọjọ́" kò sọ ohunkóhun nípa ìyára. Ojú ọjọ́ tiwa, tòní ni: ó ṣú, ó mọ́, ó dá. Ẹni tó gbọ́ ọ lórí rédíò yóò rò pé òjò àná àti oòrùn òní là ń wí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kò jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ tí a fún un ló ṣì í lọ́nà. Ooru tí èéfín ọkọ̀ àti ilé iṣẹ́ ń fà lónìí kò yá tó ti òkúta yẹn, ṣùgbọ́n kò rọra rìn rárá. Láti ìsinsìnyí lọ, "ìyárayípadà ìgbà àti ojú ọjọ́" ni èmi yóò máa kọ. Ó gùn, mo mọ̀. Àwọn oníròyìn yóò bínú sí mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà tún bi mí bóyá ọ̀kankan yè nínú wọn. Mo ní kí ó yọjú lójú fèrèsé, kí ó wo adìẹ tó ń tan ilẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, nítorí ẹyẹ ni ìran dáínósọ̀ tó ṣẹ́ kù. Ó rẹ́rìn-ín títí. Kò gbà mí gbọ́.