Ìbéèrè Nílé Ọtí

Níbi àsè ni Sámúsónì ti pa àlọ́ tí gbogbo wa mọ̀, kì í ṣe nínú ilé àdúrà. Ẹ ṣí Ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 14, ẹ ó rí i níbẹ̀. Ọgbọ̀n ọ̀dọ́mọkùnrin ló yí i ká níbi ìgbéyàwó rẹ̀, ó fún wọn ní ọjọ́ méje, wọ́n sì fi ọgbọ̀n aṣọ ọ̀gbọ̀ àti ọgbọ̀n ìpààrọ̀ aṣọ ta á. Nígbà tí àlọ́ náà le, wọ́n ní àwọn yóò dáná sun ìyàwó rẹ̀ àti ilé bàbá rẹ̀ bí kò bá tú àṣírí fún wọn. Ó tú u. Ọgbọ̀n ọkùnrin ní Áṣíkẹ́lónì, tí wọn kò sí níbi àsè, tí wọn kò gbọ́ àlọ́ kankan, ni Sámúsónì pa kí ó lè rí aṣọ san gbèsè. Kí ló pa wọ́n? Ṣé àlọ́ ni, tàbí tẹ́tẹ́ tí wọ́n so mọ́ ọn?

Mo béèrè bẹ́ẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kan tí ó dé ọ̀dọ̀ mi ní Ìdèrè níbí. Ọmọ ìjọ wa kan ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn arúgbó ni ó ń tọ́jú níbẹ̀. Wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ han ìyá rẹ̀ lórí fóònù: ọmọ dúró láàárín ilé ọtí, ó mú ẹ̀rọ agbóhùnsókè lọ́wọ́, ife ọtí sì kún orí tábìlì níwájú rẹ̀. Wọ́n ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ó ń lọ síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìyá kò ti gba ìpè rẹ̀ mọ́. Ó ní kí a gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún ọmọ òun tí ó ti di ọ̀mùtí.

Kí n tó kéde ààwẹ̀, mo ní kí wọ́n bá mi pe ọmọ náà. Ó ní ọtí kọ́ ni òun ń tà, òun kì í sì í mu ún. Òun ni òun máa ń bi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè.

Àṣà yìí kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1976 ni Sharon Burns àti Tom Porter bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìdíje ìbéèrè káàkiri àwọn ilé ọtí níbẹ̀, kí èrò lè máa wá ní àwọn alẹ́ tí ọjà máa ń dá. Àwọn ènìyàn á jókòó ní mẹ́rin-mẹ́rin tàbí mẹ́fà-mẹ́fà, wọ́n á sọ ẹgbẹ́ wọn ní orúkọ ẹ̀fẹ̀, wọ́n á san páùn kan tàbí méjì lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Olùbéèrè á ka mẹ́wàá lórí ìtàn, mẹ́wàá lórí bọ́ọ̀lù, mẹ́wàá lórí orin. Wọ́n á fi ohùn jẹ́jẹ́ gbìmọ̀, wọ́n á kọ ìdáhùn sílẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ bébà láti máàkì fún ara wọn. Fóònù kò gbọdọ̀ jáde nínú àpò. Bí ẹgbẹ́ méjì bá ta ọ̀mì, á béèrè ohun tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ iye, ẹgbẹ́ tí ó bá sún mọ́ iye náà jù ni ó borí.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin àgbààgbà Ìbàràpá méjèèje, kí ni èyí bí kò ṣe àlọ́ àpamọ̀? “Àlọ́ o!” “Àlọ̀!” Awẹ́ obì kan, à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́, kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọmọ tí ó bá kọ́kọ́ pariwo “Ahọ́n!” ló máa ń yangàn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kò sí ẹni tí ó pe èyí ní ẹ̀ṣẹ̀ nígbà tí òṣùpá ń ràn. Ayaba Ṣébà gan-an rìn láti ilẹ̀ òkèèrè wá fi ìbéèrè tí ó le dán Sólómọ́nì wò, Olúwa wa pẹ̀lú sì jẹ́ ọmọ ọdún 12 nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ bá a láàárín àwọn olùkọ́ ní tẹ́ḿpìlì, tí ó ń gbọ́ wọn, tí ó sì ń bi wọ́n léèrè.

Ṣùgbọ́n n kò ní í fi àlọ́ bo ọtí mọ́lẹ̀. Ilé ọtí ni ilé ọtí ń jẹ́, ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Ẹ̀rúwà. Ẹni tí ó bá ń pe èrò wá síbẹ̀ ń bá olówó ọtí ṣiṣẹ́, bí òun fúnra rẹ̀ tilẹ̀ ń mu omi ọsàn. Mo sọ èyí fún un láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Mo tún bi í léèrè pé ta ni ó ń kó páùn tí wọ́n ń dá jọ. Ó ní ẹgbẹ́ tí ó bá borí ni. Mo ní ibẹ̀ gan-an ni Sámúsónì ti ṣubú. Bí owó ẹni tí kò mọ̀ bá ń lọ sápò ẹni tí ó mọ̀, tẹ́tẹ́ kò jìnnà. Ọ̀pọ̀ irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi owó rẹ̀ ran aláìsàn àti aláìní lọ́wọ́ níbẹ̀, kò sì sí ohun tí ó ní kí tirẹ̀ má rí bẹ́ẹ̀. Ó ní òun yóò bá onílé ọtí sọ ọ́. Ní tèmi, bí onílé ọtí bá kọ̀, kí ó kúrò níbẹ̀.

Ohun kan wà tí ó sọ tí n kò lè gbàgbé. Ó ní nínú ọ̀sẹ̀, àwọn arúgbó tí òun ń wẹ̀ nìkan ni ó máa ń bá òun sọ̀rọ̀, pé alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn nìkan ni ogójì ènìyàn máa ń dákẹ́ láti gbọ́ ohun tí òun fẹ́ sọ.

Ogójì ènìyàn tí ó dákẹ́! Èmi tí mò ń wàásù mọ iye tí ìyẹn tó. Nítorí náà, ohun tí yóò béèrè lọ́wọ́ wọn jẹ mí lógún. Ẹni tí ó ń béèrè ló ń yan ohun tí àwọn ènìyàn yóò mọ̀ kí wọ́n tó lọ sùn. Mo ní kí ó bi wọ́n nípa sobìà.

Ẹ̀yin èwe lè má mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n sobìà ti dá àgbẹ̀ púpọ̀ dúbúlẹ̀ ní ìlú yìí ní àsìkò tí oko ń pè wọ́n. Àwọn baba wa kan gbà pé inú ara ni aràn náà ń gbé láti ìgbà tí a ti bíni. Ẹ má bú wọn. Nǹkan bí ọdún kan gbáko ni ó wà láàárín ọjọ́ tí ènìyàn mu omi adágún àti ọjọ́ tí aràn yọrí ní ẹsẹ̀ rẹ̀; ta ni yóò so méjèèjì pọ̀? Àwọn ará Yunifásítì Ìbàdàn, tí iṣẹ́ ìlera wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìgbó-Ọrà láti ọdún 1963, wá sí Ìdèrè, wọ́n béèrè, wọ́n gbọ́ ohun tí a gbà gbọ́, wọ́n sì ṣàlàyé nípa kòkòrò tíntìntín inú omi àti aṣọ tí a fi ń sẹ́ ẹ. Ọdún 2008 ni wọ́n rí aláìsàn sobìà tí ó kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Nígbà tí ó di ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé a ti bọ́. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ẹni tí yóò gbà á. Mo ní ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi yẹ kí ó béèrè rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ kò gbà pẹ̀lú mi. Ó ní bí ìbéèrè bá dùn tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ọmọ òun kò rí i ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ta ni yóò dá màmá yìí lóhùn? Ọ̀dọ́ tí ó bá béèrè ibi tí Káínì ti rí ìyàwó fẹ́, a ó ní ẹ̀mí iyèméjì ń bá a jà. Ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, olùkọ́ ló ń béèrè, òun náà ló ń dáhùn, àwọn tó kù ń tòògbé.

A ó bẹ̀rẹ̀ tiwa ní alẹ́ Ọjọ́rú tí ń bọ̀ lẹ́yìn àdúrà. Ogún ìbéèrè ni, láti inú Bíbélì àti láti inú ìtàn Ìbàràpá, àwọn ìyá ní ẹgbẹ́ kan, àwọn ọ̀dọ́ ní ẹgbẹ́ kejì. Ẹ̀pà sísè ni ẹ̀bùn, gbogbo wa ni a ó sì jọ jẹ ẹ́. Láti Lọ́ńdọ̀nù ni ọmọ náà yóò ti máa ka ìbéèrè sí wa létí. Ìyá rẹ̀ ti gbà pé òun yóò mú fóònù náà dání, ṣùgbọ́n ó ní nítorí ìbéèrè nìkan ni.